Àdúrà Tí Mo Gbà ní Ilé Àgùdà

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Ọwọ́ mi méjèèjì pé, ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, ìgbàgbọ́ mi sì wà níbi tí mo fi í sí kí n tó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ̀n díẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé mo ti di Àgùdà ní Èkó, pé Fadá kan ti da omi sí mi lórí, pé ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fi ń gbàdúrà báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi lè bú mi lórí ohun tí mo ṣe, kó má jẹ́ lórí ohun tí n kò ṣe.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Ẹ mọ̀ pé ọmọ mi Mojísọ́lá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé wa, ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́. Fẹ́líìsì ni orúkọ ọmọkùnrin náà. Ó bá àwọn òyìnbó tó la ọ̀nà wá ṣiṣẹ́ nílùú wa fún oṣù mẹ́jọ, ó sì ti padà sí Ìsọlọ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ̀ ọ́n kí, ó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé Àgùdà ni.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn àgbà ìjọ wa, Bàbá Ìjọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì tètè gbé e padà.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn Àgùdà ní Màríà kò bí ọmọ mìíràn lẹ́yìn Jésù? Wọ́n ní wúńdíá ni kó tó bí i, wúńdíá ni lẹ́yìn tó bí i, wúńdíá ni títí tó fi kúrò láyé. Jósẹ́fù tó fẹ́ ẹ ńkọ́? Wọ́n ní ó kàn ń ṣọ́ ọ ni."

Ẹnu ya gbogbo wa. Àwa náà gbà pé wúńdíá ni Màríà nígbà tó lóyún Jésù. À ń kọ ọ́ lórin ní gbogbo Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìyá ọmọkùnrin yìí, ọmọ mélòó ló bí?" ni Bàbá Ìjọ béèrè.

"Ọ̀kan ni," ni mo dáhùn.

"Ẹ ò rí i! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ yín bá bí ẹyọ kan níbẹ̀, wọn á ní ó tó, pé Màríà pàápàá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Bí wọ́n ṣe ní kí n lọ ṣe ìwádìí nìyẹn. Àwọn baba wa máa ń wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé àna, bóyá ẹ̀tẹ̀, bóyá olè. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rán pé kó lọ wádìí Màríà.

Mojísọ́lá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ wádìí o. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe Fẹ́líìsì, ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti lé ọkùnrin méjì padà ṣáájú èyí, kò sì wo ẹ̀yìn wọn. Mo mọ̀ pé eré kọ́ ló ń ṣe. Ẹrù tó wà lórí mi nígbà tí mo wọ ọkọ̀ nìyẹn.

Ẹ sì mọ̀ pé èmi àti ọkọ̀ kò rẹ́. Láti ìgbà tí lọ́rì yẹn ti já sódò pẹ̀lú wa, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo jáde láìfarapa rárá, n kò lè wọ ọkọ̀ kí n má di irin ìjókòó mú. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ nígbà náà. Ẹ ní oògùn ni mo lò. Ìjọ ní kí n kó oògùn náà wá kí a dáná sun ún. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan kó wá, ẹ ní mo ti gbé e pamọ́.

Ọ̀ṣòdì

Ọ̀ṣòdì ni wọ́n já mi sí. Orí irin ọkọ̀ ojú irin gan-an ni àwọn ènìyàn ń tajà sí. Ẹ má rò pé ẹ̀gbẹ́ irin ni mo wí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo bàtà lọ́wọ́ obìnrin kan, ni fèrè ọkọ̀ ojú irin bá ké. Mo sáré. Mo fi àpò mi sílẹ̀, mo fi fìlà mi sílẹ̀, mo sáré dé ìdí ògiri kan, mo di ògiri náà mú. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, èmi nìkan ni mo sáré. Àwọn yòókù ká ẹní wọn, wọ́n ṣí ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ náà kọjá, wọ́n tún tẹ́ ẹní wọn padà.

"Bàbá," ni oníbàtà náà wí, ó na fìlà mi sí mi, "ọkọ̀ ojú irin kì í yà bá ènìyàn nílé. Àfi tí ẹ bá dúró dè é."

Ohun kejì ni ìkíni. Ẹ mọ̀ pé ẹnìkan kò lè kọjá lára ènìyàn nílùú wa láìkí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn ní Ọ̀ṣòdì. Mo ní ẹ kúulẹ̀ o, mo ní ẹ kú ìṣòwò, mo ní ẹ kú oòrùn. Lórí ẹni ogún, ọ̀fun mi gbẹ. Bí mo bá sì ti kí ẹnìkan, yóò fi ọwọ́ di àpò rẹ̀ mú. Níbẹ̀, ẹni tó bá kí ọ láìmọ̀ ọ́, olè ni, tàbí ẹni tó fẹ́ wàásù. Nígbà tí mo dé ìta ọjà, èmi náà kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ kan péré ni Èkó fi kọ́ mi ní ìwà tí ìyá mi ì bá nà mí sí.

Ṣógúnlé

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi Gàníyù ni mo wọ̀ sí ní Ṣógúnlé. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ó ń tún ara ọkọ̀ tó ti wó ṣe. Owó epo rọ̀bì tó ya wọ ìlú ti mú kí gbogbo ènìyàn Èkó ra ọkọ̀ kí wọ́n tó kọ́ bí a ṣe ń wà á, nítorí náà iṣẹ́ Gàníyù kò dá rí. Ó ti ní sítẹ́ríò tó tóbi ju ibùsùn rẹ̀ lọ. Ìrẹsì tí àwa ń jẹ ní ọjọ́ ọdún, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ọjọ́ Ajé níbẹ̀, láìsí ìdí kan.

Mo sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àwa Mùsùlùmí gbà pé ọkùnrin kankan kò fọwọ́ kan Màríámọ̀ kó tó bí Ánábì Ísà. A gbà á, a sì lọ sùn. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ tí ẹ ni í, ẹ̀yin lẹ ń rán ènìyàn lọ sí Ìsọlọ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣé ẹ fẹ́ bá Jósẹ́fù jà ni?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi," ni mo wí.

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀lé yín. Bí wọ́n bá fẹ́ lù yín, ó kéré tán, mo mọ ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò fi ọkàn mi balẹ̀.

Ìsọlọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a lọ. Gàníyù ní mọ́ṣáláṣí wà ní Ìsọlọ̀ náà, òun yóò yà síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. A dé ilé Ìyá Fẹ́líìsì ní agogo méjìlá ọ̀sán géérégé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aránṣọ, opó tí ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bó ti rí mi, ó fi eékún rẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà, bàbá wa. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Bí mo ti ń dáhùn ni agogo dún láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò dìde. Ó dijú, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí, ó fi kan àyà, ó fi kan èjìká méjèèjì, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé èmi ló ṣì ń kí.

"Ẹ ṣeun o," ni mo wí.

Kò dákẹ́.

"A dúpẹ́. Gbogbo ilé wà. Ẹ dìde, ìyá, ó tó."

Kò dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹríba, kí ìkíni náà lè parí. Gàníyù fa aṣọ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́. Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ ń dáhùn."

Pálọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Fíríìjì funfun kan wà níbẹ̀ tó ga dé èjìká ènìyàn. Fẹ́líìsì ló rà á fún un nígbà tí wọ́n fi kún owó iṣẹ́ wọn. Orí fíríìjì náà ni ère Màríà dúró sí nínú aṣọ búlúù, pẹ̀lú gílóòbù kéékèèké tó yí orí rẹ̀ ká. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mu omi tútù nínú ilé yẹn láìdé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá Fẹ́líìsì á ṣe àmì àgbélébùú, á ṣí fíríìjì, á mú mínírà jáde, á pa á dé, á tún ṣe àmì àgbélébùú. Ìgò méjì ni mo mu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe àmì àgbélébùú nítorí òùngbẹ mi.

Nígbà náà ni oúnjẹ dé. Ìrẹsì, dòdò, àti ẹja. Mo fi ṣíbí wá inú ọbẹ̀ títí. Ẹja ni. Èmi, bàbá ìyàwó, wọn kò fi ẹran kan sí i! Mo ti ń wá bí n ó ṣe ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin ará ilé, ni Fẹ́líìsì, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rí ojú mi.

"Ẹ má bínú, sà. A kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí ọjọ́ náà ni Jésù kú."

Ó sì gbé ìgò ọtí bíà méjì síwájú wa. Èmi tí ìjọ wa ka ọtí léèwọ̀ fún, mo wo ìgò, mo wo ẹja. Ẹran ni wọ́n ń sá fún níbẹ̀. Ọtí kò lé wọn rí.

Àdúrà náà

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí. N kò ní in lọ́kàn láti béèrè ọ̀rọ̀ Màríà rárá. Ẹni tó bá ti jáde nínú omi lẹ́ẹ̀kan kì í mọ̀ọ́mọ̀ wá kànga. Mo ti pinnu pé n ó wo ilé, n ó jẹun, n ó fi etí sílẹ̀, n ó sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n Ìyá Fẹ́líìsì ní, "Bàbá Mojí, ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ bá wa gbàdúrà sí oúnjẹ."

Mo dìde. Mo dijú. Mo ní:

"Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún oúnjẹ. Ìwọ tí o kò jẹ́ kí Olúwa wa Jésù dá nìkan wà nínú ilé, tí o fún Màríà ìyá rẹ̀ ní Jákọ́bù, tí o fún un ní Jósè, tí o fún un ní Símónì, tí o fún un ní Júdà, láìka àwọn ọmọbìnrin, má jẹ́ kí ilé yìí dúró lórí ọmọ kan. Fún wọn ní àbúrò lé àbúrò."

Ẹ̀yin náà mọ àdúrà yìí. Òun ni mo máa ń gbà níbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹ máa ń ṣe àmín rẹ̀ tí ilé á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà náà, òun ló dá rìn ín.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe àmín, Gàníyù Mùsùlùmí.

Mo la ojú. Fẹ́líìsì ti fi ọwọ́ bo ojú tirẹ̀.

"Bàbá Mojí," ni Ìyá Fẹ́líìsì wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè, "ta ló bí ọmọ mẹ́rin?"

"Ìyá, inú Bíbélì ni. Àwọn arákùnrin Olúwa…"

"Ta lẹ pe ọkùnrin tó tẹ̀lé yín wá yìí?"

"Gàníyù, àbúrò mi."

"Ìyá kan náà ló bí yín?"

"Rárá."

"Bàbá kan náà?"

"Ọmọ àbúrò bàbá mi ni."

"Ẹ mú àbúrò tí ìyá yín kò bí wá sílé mi, ẹnikẹ́ni kò bá yín jà. Ṣé Jésù nìkan ni kò gbọdọ̀ ní irú rẹ̀?"

Gàníyù, tó yẹ kó gbèjà mi, ń mi orí. "Òótọ́ ni wọ́n sọ o, ẹ̀gbọ́n."

Obìnrin kan gbé aṣọ ilẹ̀kùn sókè láti ìta. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ayálégbé tó ń gbé yàrá kejì, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn rárá.

"Ẹ gbà mí! Bàbá yìí ti fún Màríà lóyún mẹ́rin kí ọbẹ̀ tó tutù!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ayálégbé yòókù sì ń dé. Mo gbọ́ tí ẹnìkan béèrè pé, "Kí ló ṣe?" Ẹlòmíràn dáhùn pé, "Wọ́n ní ó bú ìyá Jésù." Ẹnì kẹta ní, "Háà! Ẹ ti géètì!"

Mo wo fèrèsé. Wọ́n ti fi irin sí i.

Ìyá Fẹ́líìsì kò wo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé ọbẹ̀, ó dé ìrẹsì, ó sì gbé wọn kúrò níwájú wa. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ọ̀tá pàápàá bá ti jókòó ti oúnjẹ, a kì í gbé e kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, bàbá. Ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ wá ilé tó kún fún ọmọ fún un. Ilé tèmi, ọ̀kan ló wà níbẹ̀."

Fẹ́líìsì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mààmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wọ́n."

"Dìde. Ìwọ kọ́ lo sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí bàbá ọmọ yìí kú. Ẹbí rẹ̀ ní kí n fẹ́ àbúrò rẹ̀, mo ní rárá, n kò ní fẹ́ ọkọ mìíràn. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní kò sí obìnrin tó lè dá wà. Wọ́n ń rán ènìyàn wá ka iye bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún nìyí, bàtà mi àti ti ọmọ mi ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Wọn kò tíì gbà títí di òní, nítorí wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ẹni tí mo ń wò tí mo fi ṣe é ló wà lókè yẹn. Ẹ̀yin wá jókòó sídìí ọbẹ̀ mi, ẹ ní kò ṣeé ṣe fún òun náà."

Lórí ilẹ̀

Mo lè sọ fún yín pé ẹ̀rù àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́rì yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Ọdún mélòó ni mo fi ń bẹ̀ yín pé n kò ní oògùn? Mélòó nínú yín ló gbà? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ó ṣẹlẹ̀. N kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ sì ń wo apá mi di òní yìí bóyá ẹ ó rí ìfúnpá. Mo mọ bó ṣe ń rí kí gbogbo ìlú dúró yí ènìyàn ká, kí wọ́n ní ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀ kò ṣeé ṣe.

Nípa ti Màríà, n kò sọ pé mo gbà, n kò sì sọ pé n kò gbà. N kò sí níbẹ̀. Bàbá Ìjọ náà kò sí níbẹ̀.

"Ìyá, mo ṣẹ̀ yín," ni mo wí.

"Kì í ṣe èmi lẹ kọ́kọ́ ṣẹ̀," ni ó dáhùn, kò sì mú ojú kúrò lára mi.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ọmọ Yorùbá ń ṣe bó bá sọ̀rọ̀ àbùkù sí ìyá ẹlòmíràn. Kì í dúró béèrè irú ìjọ tí ìyá náà ń lọ. Mo rántí ipò akọ̀wé ìjọ tí mo wà. Mo rántí Mojísọ́lá pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun rẹ̀ fi funfun. Mo bọ́ fìlà mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ níwájú fíríìjì náà, àyà mi kan ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, mà."

Fíríìjì nìkan ló ń kùn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Gàníyù sọ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, "ẹ rọra o, ilẹ̀ yẹn tutù."

Ìyá Fẹ́líìsì ló fa apá mi sókè. "Ó tó, bàbá ìyàwó. Ẹ dìde." Ó lé Ìyá Bọ̀sẹ̀ àti ogun rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìrẹsì padà, ó gbé ẹja padà, ó sì dúró.

"Ẹ gbàdúrà," ni ó wí.

Mo ní, "Olúwa, a dúpẹ́." Gbogbo wọn ní àmín. Mo jẹ ẹja náà tán títí dé egungun.

Ilé

Ìròyìn dé ilé ṣáájú mi. Nígbà tí mo jókòó níwájú àwọn àgbà ìjọ, wọn kò béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò béèrè bí ọmọkùnrin náà ṣe ń ṣe sí ìyá rẹ̀. Bàbá Ìjọ ní, "Ṣé lóòótọ́ ni o dọ̀bálẹ̀ fún ère?"

Mo ní mo dọ̀bálẹ̀.

"Lórí kí ni ère náà wà?"

"Lórí fíríìjì, sà."

Ẹ kò rí bí wọ́n ṣe pariwo. Bí ó bá jẹ́ orí òkè Kámẹ́lì ni, bóyá wọn ì bá fara mọ́ ọn díẹ̀. Wọ́n gba ìwé akọ̀wé lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa jókòó sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Mo ń jókòó sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti ń dúró dè mí lórí ìjókòó, Mojísọ́lá sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Mojí kò dárúkọ Màríà. Ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè lọ́wọ́ mi.

"Bàbá Mojí, obìnrin yẹn, ṣé kò ní fìyà jẹ ọmọ mi?"

"Màríà kì í ṣe ẹbí rẹ̀," ni mo wí, "wọn kò sì pàdé rí. Síbẹ̀ mo sọ gbólóhùn kan sí i, obìnrin yẹn gbé oúnjẹ kúrò níwájú bàbá ìyàwó, ó sì fẹ́ lé mi jáde. Kí lo rò pé yóò ṣe fún ẹni tó bá bú ìyàwó ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀?"

Ìyàwó mi dìde, ó sì gbé tábìlì kékeré wá síwájú mi.

"Ẹ kọ̀wé sí wọn," ni ó wí. "Kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ rẹ̀."